Orúkọ Tí Ìyá Qasim Kọ

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ata tuntun wá fún Naomi, oúnjẹ ò lọ lọ́fun Àtọ́kẹ́. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ ò yá o. Owú ni, ẹ jẹ́ ká pe nǹkan ní orúkọ tó ń jẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àtọ́kẹ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Qasim, ti ń lọ ata ní àdúgbò náà ní Ìgándò. Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ àwọn ìsọ̀ náà lé. Òun ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ yìí, tó ń wo ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ní òdìkejì títì, tí itọ́ ẹnu rẹ̀ ń korò.

Ẹ̀rọ ọ̀hún dára, ká má parọ́. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dán, wọ́n sì lẹ fọ́tò Ọnọ́rébù tó fi í ta á lọ́rẹ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn tó gbé e wá ní kí Naomi dúró tì í kí àwọn yà á. Ó dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ẹ̀rọ ògbólógbòó tó ń lò tẹ́lẹ̀, bó bá fa okùn rẹ̀ láàárọ̀, apá rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ já kó tó gbà láti tan.

"Ọmọ Èkìtì tó dé ní èṣí," ni Àtọ́kẹ́ sọ sínú. "Èṣí àná yìí!"

Ohun tó ń ta á lára jù ni pé kò sí ìpàdé òṣèlú tí òun kò lọ. Ó ti jó nínú òjò ní ibùdókọ̀ Pleasure. Ó ti dúró sínú oòrùn ní ibùdókọ̀ Command títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́rin ló gbé kọ́ ara ògiri nínú ìsọ̀ rẹ̀. Naomi ò tilẹ̀ mọ wọ́ọ̀dù tó ń gbé, òun ni Ọnọ́rébù wá ró lágbára.

Àmọ́ èyí tí Àtọ́kẹ́ ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun gan-an kọ orúkọ Naomi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣù tó kọjá, Ọnọ́rébù ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́rọ ata pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kàn wọ́n, kí wọ́n fa ẹnì kan kalẹ̀. Nígbà tí irú ẹ̀ wáyé kẹ́yìn, kálukú ló dárúkọ ara rẹ̀, ìjà sì dé, gèlè ń já bọ́, búláùsì ń fàya. Nítorí náà ni Àlàájà Ṣàkírát, alága wọn, ṣe gbé òfin kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀. Kí kálukú kọ orúkọ ẹlòmíràn sínú ìwé pélébé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ni ẹ̀rọ.

Àtọ́kẹ́ ro ó lọ, ó ro ó bọ̀. Bí òun bá kọ Àbẹ̀bí, èèyàn Àbẹ̀bí pọ̀, ó lè mú un. Bí òun bá kọ Ìyá Sàkàrìyáù, ìyẹn náà kì í ṣe ẹran rírọ̀. Ó kúkú kọ ẹni tó kéré jù nínú wọn, ẹni tí kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè kàn án láéláé. Ó kọ Naomi, ó ká ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àṣé gbogbo àgbààgbà ẹgbẹ́ ló gbọ́n ọgbọ́n kan náà. Àlàájà ń ṣí ìwé, ó ń kà: Naomi. Naomi. Naomi. Àwọn tó jókòó síwájú kò lè wo ojú ara wọn mọ́. Nígbà tó pé mẹ́rìnlá nínú ìwé mẹ́tàlélógún, Àlàájà ní ó tó, ó kó ìyókù sínú báàgì rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má di ìjà. Ta ló fẹ́ bínú? Ẹni tó bá bínú á sọ ohun tó kọ àti ìdí tó fi kọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Naomi, àtẹ́wọ́ gbígbẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé, Naomi sọdá títì pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì tó tutù, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun mà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà wà lára àwọn tó kọ orúkọ mi."

"Ọlọ́run ló ṣe é, Ìyá Hope," ni Àtọ́kẹ́ dáhùn. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀rọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Kí ni mo máa ṣe sí i kí n tó lò ó? Ti àtijọ́ yẹn, bí irin rẹ̀ bá ti jẹ, mẹkáníìkì ló máa ń gbé e lọ, tó máa ń ṣe é tán kó tó gbé e padà. Àwọn ìyá ìjọ wa fẹ́ wá lọ ata ìdúpẹ́ lọ́la, apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́ta pẹ̀lú tàtàṣé. Mi ò fẹ́ kójú tì mí."

Kò sí ẹlẹ́rọ tó dàgbà tí kò mọ ìdáhùn ìyẹn. Irin méjì ló ń fi ara gbo ara nínú ẹ̀rọ ata. Bó bá jẹ́ tuntun, wọ́n á kọ́kọ́ lọ yanrìn nínú rẹ̀, wọ́n á tún lọ àgbàdo gbígbẹ títí ìdọ̀tí irin á fi tán, wọ́n á wá fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ata á dúdú, á sì máa ró kéké léyín. Àtọ́kẹ́ la ẹnu láti sọ ọ́. Ó la ẹnu ní tòótọ́. Fọ́tò Ọnọ́rébù ń rẹ́rìn-ín sí i láti òdìkejì.

"Fi omi ṣàn án," ló wí. "Ó ti tó."

"Omi nìkan mà?"

"Tuntun mà ni, jàre. Kí lo tún fẹ́ ṣe sí i?"

Naomi tún kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kò tíì tó aago mẹ́wàá tí ariwo fi sọ. Ata àwọn ìyá ìjọ dúdú bí omi táyà. Ọ̀kan nínú wọn fi ìka tọ́ ọ wò, ó tutọ́ dànù. "Irin nìyí! Ṣé o fẹ́ pa àlejò Olúwa ni, Ìyá Hope?" Wọ́n da odindi rọ́bà ata kan sí gọ́tà.

Inú Àtọ́kẹ́ dùn. Mi ò ní bò ó fún un: inú rẹ̀ dùn dé ìdí. Nígbà tí àwọn obìnrin náà ra tòmátì mìíràn tí wọ́n sì sọdá wá bá a, ó fi tọ̀yàyà gbà wọ́n, ó tan ẹ̀rọ, ó ń kọrin lábẹ́nu. Èrò tò débi ìsọ̀ kejì.

Ó wá gbọ́ ohùn Naomi láti òdìkejì, tó ń bẹ àwọn tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́hùn-ún yẹn sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi. Omi tí mo fi ṣàn án ló kéré."

Orin Àtọ́kẹ́ dúró.

Bẹ́ẹ̀ ni Àlàájà Ṣàkírát dé, ó wá wo bí ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Àtọ́kẹ́ ò jẹ́ kó sinmi.

"Àlàájà, ẹ ò rí nǹkan? Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́? Ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọdé yẹn, kí ẹ gbé e fún ẹni tó ṣìkejì."

"Ẹni tó ṣìkejì?" Àlàájà rẹ́rìn-ín. "Mo ka ìyókù nílé, Àbẹ̀bí ni. Ìwọ ńkọ́, o mọ iye tí o ní?"

"Mélòó ni?"

"Ọ̀kan."

"Irọ́ ni!"

Àlàájà tú báàgì rẹ̀, ó fa ìwé pélébé kan yọ, ó tẹ́ ẹ lé e lọ́wọ́. Bírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá: *Ìyá Qasim tí ìsọ̀ wọn kọjú sí tèmi, nítorí pé wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.*

Ìsọ̀ kan ṣoṣo ló kọjú sí ti Àtọ́kẹ́. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ọdún mọ́kàndínlógún, gbogbo àwọn tó ti yá ní bẹ́líìtì ẹ̀rọ, tó ti bá kí ọmọ tuntun, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó rántí rẹ̀. Ẹni tó rántí rẹ̀ wà lọ́hùn-ún tó ń fọ ẹ̀rọ.

Ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá Qasim, ata wa ńkọ́?" ni àwọn tó tò sọ.

Ó bu yanrìn sínú garawa, ó gbé àgbàdo gbígbẹ tó fẹ́ fi ṣe ògì lé orí, ó sọdá títì. Naomi ń da omi sí ẹnu ẹ̀rọ, aṣọ rẹ̀ ti tutù dé àyà. Mẹ́ta nínú àwọn ìyá ìjọ ṣì dúró tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé tí mò ń ṣàn án."

"Kì í ṣe omi," ni Àtọ́kẹ́ wí. "Yanrìn ni, lẹ́yìn náà àgbàdo. Mo mọ̀ lánàá, Naomi. O bi mí, mo sì parọ́ fún ẹ. Owú ni mo jẹ."

Ó sọ ọ́ sókè, àwọn ìyá ìjọ sì gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn pòṣé. Naomi gbé ike omi sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó wo Àtọ́kẹ́ títí ìyẹn fi wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ.

"Ẹ da yanrìn yín sí i, mà," ló wí.

Àwọn méjèèjì jọ lọ ọ́ títí di ọ̀sán. Wọ́n lọ yanrìn, wọ́n lọ àgbàdo, wọ́n fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́ gaara. Títí wọ́n fi parí rẹ̀, Naomi ò pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́.