Ilé Oúnjẹ Tí Grant Yàn

Kí Marlene tó gba àyè sílẹ̀ nílé oúnjẹ kan fún àlejò iléeṣẹ́ wọn ní Chicago, ilé ìgbẹ́ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Ní èyí tí ọ̀gá rẹ̀, Grant, yàn, alásè àgbà onírùngbọ̀n pupa ló bá pàdé. Ọkùnrin náà jáde nílé ìgbẹ́, ó kọjá lára ẹ̀rọ omi ìfọwọ́ bí ẹni tí ò rí i, ó sì gba ilé ìdáná lọ. Marlene pe Grant lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, alásè yẹn ò fọwọ́! Ẹ jẹ́ ká lọ síbòmíràn."

"Ìyọnu ẹ ti pọ̀ jù, Marlene. Ṣé ilé ìgbẹ́ làwọn àlejò wa láti Nebraska fẹ́ wá jẹ ni?"

Nírọ̀lẹ́ tí àwọn àlejò dé, Grant ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yan oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ẹran màlúù tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọn ò sè rárá, ló ní kí wọ́n gbé wá. Onírùngbọ̀n pupa náà ló jáde, ó ká apá aṣọ sókè, ó sì fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá po ẹran mọ́ ẹyin tútù níwájú wọn.

Verlin, àgbà àwọn àlejò, ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ má bínú o. Àwa tá à ń sin màlúù, a mọ ibi tó ń sùn. A kì í jẹ ẹ́ láìsè."

Grant ti ń lá ìka. "Ó dùn jọjọ! Marlene, ìwọ ńkọ́?"

Marlene ti àwo tirẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ fi tèmi kún un, ọ̀gá. Mo kúkú ti sọ fún yín pé alásè yìí ò fọwọ́."

Verlin wo ìka alásè, ó wo ẹnu Grant, ó sì gbójú kúrò.