Àga Mi àti Sísọ́ọ̀sì Tó Sọ Nù

Ẹni tó bá fẹ́ lé àgbà kúrò nílé kì í ti àgbà. Nǹkan tí àgbà ń lò ló kọ́kọ́ máa ń pòórá. Bí sísọ́ọ̀sì mi ṣe pòórá lórí tábìlì nìyẹn.

Aránṣọ lọmọ mi obìnrin. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, àga mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀ láti ìgbà tí eékún mi ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí ò rí epo. Níbẹ̀ ni mo ti ń kí oníbàárà, tí mo ti ń rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ á fi já bọ́ lẹ́nu mi. Bí wọ́n bá gba àga yẹn lọ́wọ́ mi, kí n wá jókòó sílé kí n máa wo ògiri ni?

Ọgbọ́n kan wà tí àwa aránṣọ ń dá. Bí oníbàárà bá ti gbé aṣọ dé, kùàrà! Mo ti là á. Aṣọ tí wọ́n ti gé, ibo ló tún fẹ́ gbé e lọ? Aṣọ gígé wá kún ṣọ́ọ̀bù: ó wà lábẹ́ tábìlì, ó wà lójú fèrèsé, òmíì wà lábẹ́ ìdí mi. Ọmọ mi ò ráyè jẹun. Bó ṣe ń rán ti ẹnì kan ni ẹlòmíì ń pè é lórí fóònù. Ó tiẹ̀ ti rán apá aṣọ ìyàwó mọ́ ti ọkọ ẹlòmíì rí.

Àfìgbà tó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé.

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, Màmá. Wọ́n ní kí n tún ọjọ́ mi tò."

"Tún ọjọ́ tò? Ọjọ́ ti wá di abọ́?"

Kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni mi ò ti rí sísọ́ọ̀sì mi mọ́. Ó ju fóònù rẹ̀ sínú agolo bọ́tìnnì. Tó bá di ọ̀sán, á ní, "Màmá, ẹ lọ sinmi nílé," á sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Sinmi kẹ̀? Ẹni tó ń sọ fún adìẹ pé kó sinmi, ìkòkò ló ń fọ̀ dè é.

Káfíńtà wá dé. Ó na téèpù sí àga mi, èmi náà sì wà lórí ẹ̀!

"Ẹ dìde díẹ̀, Ìyá."

"Kí lò ń wọ̀n?"

"Ẹ̀yìn àga ni."

"Ẹ̀yìn àga àbí ẹ̀yìn mi? Tó bá jẹ́ tèmi, téèpù yẹn ò ní tó o."

Ó wo ọmọ mi, ọmọ mi ṣẹ́jú sí i. Háà! Káfíńtà tó ń wọn arúgbó, ṣé kì í ṣe pósí nìyẹn? Èmi tí mo ṣì ń fi eyín mi fọ́ eegun!

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n máa lọ sinmi. Mo kí wọn ó dàbọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gba ẹ̀yìnkùlé padà, mo lẹ etí mọ́ ògiri. Mo gbọ́ ohùn káfíńtà:

"Ṣé Ìyá ò ní bínú?"

"Wọ́n á bínú," lọmọ mi wí. "Ṣùgbọ́n tí àga wọn bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, iṣẹ́ yìí á pa mí."

Mo já wọlé bí ewúrẹ́ tó gbọ́ òórùn iṣu. "Ẹ gbé pósí náà jáde kí n wò ó!"

Kò sí pósí. Wọ́n ti dá ògiri iwájú lu, wọ́n ti fi fèrèsé kan síbẹ̀ tó kọjú sí títì, pẹpẹ pákó tó ga dé ẹ̀yìn àga mi sì wà lójú rẹ̀. Mo pariwo, mo ka gbogbo oore tí mo ti ṣe láyé. Ọmọ mi dúró títí mo fi mí.

"Màmá, gbogbo ẹni tó wá kí yín, ọ̀dọ̀ mi ló ń jókòó sí. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, mò ń dáhùn, mò ń tú ohun tí mo rán. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gé aṣọ, èmi ni mò ń ṣèlérí."

"Èmi?" Mo kọjú sí káfíńtà. "Ìwọ, ṣé òótọ́ ni?"

Ó wo òòlù ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá, látìgbà tí ẹ ti wọlé, mi ò tíì kan ìṣó kan."

Ẹ̀rín ló gbé mi lulẹ̀. Mo jókòó sórí ìpàǹtí pákó, mo rẹ́rìn-ín títí ìtọ̀ fi fẹ́ bọ́. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè sísọ́ọ̀sì mi.

"Mo ti tì í mọ́nú dúrọ́ọ̀. Aṣọ kan là á máa gé báyìí. Ká rán an tán ká tó gé òmíì. Èyí tó kù, kó dúró sílé ẹni tó ni ín."

"Tí wọ́n bá gbé e lọ bá aránṣọ mìíì ńkọ́?"

"Kí wọ́n gbé e lọ, Màmá. Kí n má kú."

Mo dìde, mo wọ́ àga mi lọ sójú fèrèsé fúnra mi.

Ojú fèrèsé ni àga mi wà báyìí, máṣíìnì ọmọ mi wà ní yàrá inú, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lánàá, tíṣà kan gbé aṣọ dé, ó fẹ́ yọ́ wọlé. Ó ní òun kàn fẹ́ kí aránṣọ ni.

"Kí èmi," ni mo wí, mo sún àga, mo fi ìdí dí ọ̀nà pa. "Èmi náà mọ kíkí jẹ. Mú aṣọ rẹ lọ sílé, a óò pè ọ́ tó bá kàn ọ́."

Ìka mi ń yún mi láti gé aṣọ náà, mo purọ́ tí mo bá ní kò yún mi. Inú ilé ń dún jẹ́jẹ́ bí òjò lórí páánù. Lójijì, máṣíìnì dákẹ́.

Mi ò tíì gba ọmọ mi gbọ́ tán. Mo dìde, mo yọjú níbi àlàfo ilẹ̀kùn. Ọmọ mi jókòó, abọ́ wà lórí itan rẹ̀, ó ń jẹun.

Mo padà lọ jókòó, mo sì sọ fún tíṣà pé kó rọra sọ̀rọ̀.