Kámẹ́rà Tí Kò Mọ Ojú Èèyàn Mọ́

1.

…tí kò sì sí pupa kankan níbẹ̀. Eérú ni. Eérú lásán.

Obìnrin náà tún ya ìkùukùu ọ̀run náà láti orí òrùlé ilé wọn. Ó mú èémí dúró, nítorí awò ìràwọ̀ náà gùn, kì í sì fẹ́ kí wọ́n mí sí òun lára.

Eérú.

Bẹ́ẹ̀ ìkùukùu yìí, tí àwọn ìràwọ̀ tuntun ń tinú rẹ̀ jáde, pupa ló máa ń jẹ́ bí ẹyinná. Ó ti rí i bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ó yọ kámẹ́rà kúrò lẹ́nu awò, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Àwọn síkúrù ìdí rẹ̀ ń dán. Kò sẹ́ni tó fi irinṣẹ́ kàn wọ́n rí.

Kámẹ́rà ọkọ rẹ̀ ni.

A jẹ́ pé tirẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ gbé lọ.


2. OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ILÉ NÁÀ

— Kámẹ́rà méjì, dúdú méjèèjì, wọ́n jọra bí ìmumu.

— Ọkọ kan, tí ń fi ọ̀kan jẹun. Onífọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

— Ìyàwó kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún aago ṣe. Òun ló ń fi ìkejì ya ojú ọ̀run. Awòràwọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń pè é. Yẹ̀yẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó di oríkì.

— Àpò kámẹ́rà méjì. Ọ̀kan ti ya. Láàárọ̀ òní ni ìyàwó jókòó rán an. Ó kó ohun inú àpò méjèèjì jáde, ó sì kó wọn padà.


3.

Nínú kámẹ́rà, níwájú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà. Ó máa ń lé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ pupa padà, kí àwọ̀ ara èèyàn lè jọ àwọ̀ ara èèyàn. Ṣùgbọ́n pupa yẹn gan-an ni ìkùukùu ọ̀run fi ń fara hàn.

Nítorí náà, ìyàwó tú kámẹ́rà tirẹ̀ lórí tábìlì tó ti ń tú aago. Ó yọ gíláàsì náà. Ó pa á dé.

Tí wọ́n bá yọ ọ́, nǹkan méjì ló ń tẹ̀ lé e:

&nbsp;&nbsp;&nbsp;(a) Gbogbo nǹkan á pọ́n. Ó ṣeé tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà.

&nbsp;&nbsp;&nbsp;(b) Ẹni tó bá fi ojú sí ihò òkè, ihò kékeré tí onífọ́tò ń yọjú wò, á rò pé òun rí ohun tí òun ń yà kedere. Fọ́tò rẹ̀ á jáde bí ìgbà tí omijé wà lójú.

Kò ṣeé tún ṣe.

Ìyàwó kì í lo ihò òkè. Síkírínì ẹ̀yìn ló fi ń wá ìràwọ̀.

Ọkọ kì í wo síkírínì. Ó ní, "Síkírínì wà fún ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú."


4.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Ọ̀la ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un. Wọ́n bi dókítà bóyá á ye é. Dókítà ní kí wọ́n máa gbàdúrà.

Láti ìgbà tí bàbá ti kú, Màmá kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun. Tó bá ti rí kámẹ́rà, á rántí ohun tó gbé kaná. Ọmọ rẹ̀ ya gbogbo ìyá tó wà ládùúgbò, kò rí ìyá tirẹ̀ yà.

Lọ́sàn-án òní, Màmá fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é.

"Ẹ sọ fún un kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání tó bá ń bọ̀ lálẹ́."


5. LÁRA ILẸ̀KÙN YÀRÁ NÁÀ

&nbsp;&nbsp;&nbsp;Ẹ PA FÓÒNÙ YÍN KÍ Ẹ TÓ WỌLÉ.
&nbsp;&nbsp;&nbsp;ẸNÌ KAN ṢOṢO LẸ́Ẹ̀KAN.
&nbsp;&nbsp;&nbsp;Ẹ MÁ ṢE JẸ́ KÍ ALÁÌSÀN SỌ̀RỌ̀ PÚPỌ̀.


6.

Ọkọ mi, ẹ má tíì ya Màmá o. Kámẹ́rà mi lẹ gbé. ✓

Tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, síkírínì ni kí ẹ máa wò. Ẹ má lo ihò. ✓

Ẹ jọ̀ọ́. ✓

&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;(Àmì kan ṣoṣo. Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.)


7. ÌPÈ SÍ ÀǸTÍ, Ẹ̀GBỌ́N ỌKỌ

ÌYÀWÓ: Ẹ káalẹ́, Àǹtí. Ṣé ẹ ṣì wà lọ́dọ̀ Màmá?

ÀǸTÍ: Mo ti jáde kí àbúrò mi lè wọlé. Kí ló dé tí o ń mí báyẹn?

ÌYÀWÓ: Ẹ dákun, ẹ bá mi dá a dúró. Kámẹ́rà tó gbé kò dáa fún ojú èèyàn.

ÀǸTÍ: Kí ló ṣe é?

ÌYÀWÓ: Èmi ni mo tú u.

ÀǸTÍ: O tú u. Nítorí kí ni?

ÌYÀWÓ: Nítorí ìràwọ̀, mà.

ÀǸTÍ: Ìràwọ̀ tó ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá wa. Tí á ṣì wà lọ́túnla.

ÌYÀWÓ: Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí.

ÀǸTÍ: Mò ń lọ síbẹ̀. Má pa fóònù.

(Ìró bàtà. Ohùn nọ́ọ̀sì kan: *Ó ti tó, mà. Àkókò ti lọ.*)

ÀǸTÍ: Wọn ò jẹ́ kí n wọlé.


8.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí ì bá má dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ká ní irọ́ ni.


9. NÍNÚ YÀRÁ, GẸ́GẸ́ BÍ ỌKỌ ṢE RÒYÌN RẸ̀ LẸ́YÌN NÁÀ

ỌMỌ: Màmá, ẹ wojú mi.

MÀMÁ: Ojú rẹ dà? Irin ni mò ń wò.

ỌMỌ: Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

MÀMÁ: Kí bàbá rẹ lè sọ pé mò ń jayé lẹ́yìn òun?

ỌMỌ: Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, Màmá. Kò sí nǹkan tí wọ́n máa sọ.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó tẹ́ wọn sórí aṣọ ìbora, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá gé èékánná. Ọmọ rẹ̀ fi ojú sí ihò, ó yà á, ó tún un yà.

MÀMÁ: Jẹ́ n rí i.

Ọmọ rẹ̀ wo síkírínì fìrí. Fọ́tò náà pọ́n. Iná yàrá náà ló fi ẹ̀sùn kàn.

ỌMỌ: Tí ẹ bá jáde lọ́la, màá fi hàn yín.


10.

Ẹnu àtẹ̀gùn ni ìyàwó ti dúró dè é. Ó sọ ọ́ tán kí ọkọ tó bọ́ bàtà.

Ọkọ kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Àwọ̀ ṣeé tún ṣe."

"Kí ni kò ṣeé tún ṣe?"

Ó gba àpò lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó lọ tan kọ̀ǹpútà.


11.

Ìyàwó fa àwọn fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà. Ó ń fa pupa kúrò díẹ̀díẹ̀. Aṣọ ìbora padà di funfun. Irun Màmá padà di ewú.

Ojú Màmá kò padà.

Ẹ̀rín náà wà níbẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó dúró lẹ́yìn fèrèsé tí ooru bò ló rí.

Ìríran kámẹ́rà náà ti yẹ̀ síwájú. Ohun tó sún mọ́ ọn ju ojú lọ ló mú.

Ọwọ́ méjèèjì.

Gbogbo iṣan. Àpá iná lẹ́yìn àtàǹpàkò. Èékánná kan tó là sí méjì. Wọ́n hàn débi pé ọkọ fi ìka kan síkírínì.

"Mi ò mọ̀ pé iná jó wọn níbí rí," ló sọ.

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyàwó ò mọ̀ bóyá kí òun lọ bá a tàbí kí òun jókòó.

Ó jókòó.


12. ÌDÁJÍ

"Ẹ jẹ́ ká lọ kí wọ́n tó gbé Màmá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ."

"O rò pé a máa bá wọn?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ wọ bàtà yín."


13.

Wọ́n bá Màmá ní ọ̀nà àárín ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀dì náà ti ń yí. Nọ́ọ̀sì ló ń tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì. Ìṣẹ́jú kan."

"Wọ́n ń dúró dè mí nínú, sà."

"Ìṣẹ́jú kan péré."

Nọ́ọ̀sì kò dúró, ṣùgbọ́n ó rọra.

Ọkọ gbé kámẹ́rà tó dáa sókè. Omijé kò jẹ́ kó ríran nínú ihò. Ó gbìyànjú. Ó tún gbìyànjú. Ó na kámẹ́rà náà sí ìyàwó rẹ̀, ó sì sáré di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Ìyàwó kò ya ohun tó ń yára rìn rí. Ọ̀run máa ń dúró dè é.

"Ṣé ìwọ ló máa yà mí, ìyàwó mi?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ṣe kíá. Òtútù ń mú mi."

Ó fi ojú sí ihò. Ó ń fẹ̀yìn rìn níwájú bẹ́ẹ̀dì. Ó rí irun, ó rí èjìká ọkọ rẹ̀, ó rí iná àjà. Ó rí ojú náà.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yìn rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bẹ́ẹ̀dì kọjá, ilẹ̀kùn padé.


14.

Ọkọ jókòó. Ìyàwó jókòó. Kámẹ́rà wà lórí itan rẹ̀, síkírínì rẹ̀ dojú kọ aṣọ.

Àǹtí dé. Ojú rẹ̀ le. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì ìyàwó, ó sún mọ́ ọn díẹ̀.

"Ṣé ó mú ojú?"

Kò sẹ́ni tó yí kámẹ́rà náà wò.