Ìró Póńpù Ọkọ Mi

Ọ́fíìsì wa kò ju yàrá mẹ́ta lọ. Ẹ̀yìn ibùdó bàálù ni wọ́n kó wa sí, òórùn epo bàálù la sì ń mí símú láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Àwọn bàálù wa kì í kó èrò. Òkun ni wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n ní rédà tó ń rí ohun tó wà lójú omi, wọ́n ní irin gígùn kan nídìí bí ìrù, tó máa ń mọ̀ bí irin ńlá bá wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kàn mí ni agolo. Agolo la ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gùn tó apá àgbàlagbà. Wọ́n á jù ú sínú òkun láti òkè, á léfòó, á wá sọ okùn kan sísàlẹ̀ tí etí wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí etí náà bá gbọ́ lábẹ́ omi, bàálù á gbà á sórí téèpù, téèpù á sì balẹ̀ sórí tábìlì mi. Èmi ni mo máa jókòó tì í, tí n ó sọ pé ẹja ńlá nìyí, òjò nìyí, ọkọ̀ ẹlẹ́rù nìyí, ọkọ̀ abẹ́ omi nìyí.

Ọkọ mi wá rèé, mẹkáníìkì inú ọkọ̀ abẹ́ omi ni. Ọmọ ogun ojú omi kan náà ni àwa méjèèjì. Ilé ẹ̀kọ́ la ti pàdé, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ sì bá mi jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú u. Póńpù mẹ́ta ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ wa máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé irú ìgbéyàwó wo lèyí, ọkọ ń sá pamọ́, ìyàwó ń wá a kiri. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tó fi di ọdún kẹsàn-án, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Oṣù mẹ́rin, oṣù márùn-ún, kò sí lẹ́tà, kò sí fóònù. Àárò rẹ̀ máa ń sọ mí débi pé inú á bí mi sí i, bí ẹni pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ da omi òkun. Ọmọbìnrin wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, bí àlejò ló sì ń kí bàbá rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni bàálù wa máa ń fi ọkọ̀ abẹ́ omi tiwa dánra wò. Ọkọ̀ á fara pamọ́, bàálù á wá a. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé irú téèpù bẹ́ẹ̀ wá fún mi, àwọn tó wà nínú bàálù sì ti kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àwọn kò rí nǹkan kan. Mo dé ẹ̀rọ sétí. Omi ni, omi ṣáá, àti àwọn edé tó máa ń ta bí epo tó ń gbóná nínú agbada. Nígbà tó di nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, mo gbọ́ ọ. Kọ́, kọ́, kọ́. Irin ló ń kan irin, jẹ́jẹ́, kò yá jù, kò sì falẹ̀.

Mo mọ póńpù yẹn. Nígbà tí a ṣì ń fẹ́ra sọ́nà, ọkọ̀ wọn wà ní èbúté, ó sì mú mi wọlé lọ wò ó. Ó fa ọwọ́ mi, ó gbé e lé ẹ̀yìn póńpù náà, ó ní, "Ìyálé ẹ nìyí o. Kúnlẹ̀ kí i." Mo sì kúnlẹ̀ lóòótọ́, láàárín gbogbo àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bí ó ṣe ń lù lábẹ́ ọwọ́ mi lọ́jọ́ yẹn ni mo gbọ́ lórí téèpù.

Ayọ̀ ló kọ́kọ́ mú mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ náà mọ́ etí bí ẹni di ọmọ mú. Ọkọ mi wà láyé, ọkọ mi wà nítòsí ìró yìí. Àfi ìgbà tí mo gbójú sókè síta fèrèsé. Ní abẹ́ òrùlé tó kọjú sí wa, àwọn tó ń tọ́jú ohun ìjà ń ti tọ́pídò kan lọ sídìí bàálù, ó gùn ju ọkùnrin méjì lọ. Tọ́pídò kò lójú. Àdó olóró abẹ́ omi ni, etí ló fi ń rìn, ohun tó bá ń dún ló ń bá lọ. Bí ogun bá dé lọ́la, ìró tí mo dì mọ́ra yìí náà ni tọ́pídò ẹlòmíì máa tẹ̀ lé dé ibi tí ọkọ mi dúró sí. Mo bọ́ ẹ̀rọ náà kúrò létí.

Mo pe ọ̀gá wa. Ó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́tàlélógún, Elétí-ehoro ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó mi orí.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o, ìyàwó. Oṣù mélòó ló ti lọ báyìí?"

"Oṣù márùn-ún, sà."

"Ẹn-ẹ́n. Ọkàn ẹ ló gbọ́ ọ, kì í ṣe etí."

"Ọ̀gá, ẹni tó ń sunkún ṣì máa ń ríran."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n tó o bá kọ ọ́, wọ́n á pe ọkọ̀ yẹn wálé ni. Wàá ríran dáadáa nígbà yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú nítorí pé òun gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun tí mò ń gbàdúrà sí láti oṣù márùn-ún ni pé kó wálé. Wàyí o, bí mo bá ti kọ ìlà kan ṣoṣo, ó ń bọ̀ nìyẹn, bóyá pẹ̀lú ìtìjú. Ta ni yóò wá gbà pé etí mi kò parọ́ fún mi? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbọ́ téèpù náà. Lọ́jọ́ kẹta, mo kọ ọ́, mo sì bu ọwọ́ lù ú.

Wọ́n pe ọkọ̀ náà wálé lóòótọ́. Wọ́n tú póńpù, wọ́n bá rọ́bà tí wọ́n fi tẹ́ ìdí rẹ̀ tó ti gan bí òkúta, tó sì ti là. Wọ́n ní kí ọkọ mi tún un ṣe, kó wá dúró sílé títí tí bàálù yóò fi dán ọkọ̀ náà wò. Bí wọ́n bá tún gbọ́ ìró, orí ilẹ̀ ni yóò kù sí, yóò máa ka iye nọ́ọ̀tì àti bóòtù nínú yàrá ìkẹ́rùsí. Bí wọn kò bá gbọ́ ọ, yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wọlé pẹ̀lú báàgì léjìká. Kò tíì jókòó tó fi sọ ọ́. "Ìwọ lo gbọ́ ọ."

"Èmi ni."

"Ó dún tó báwo?"

"Bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò pẹ̀lú wa. Mi ò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀ dọ́ba. Ó tún ẹnu omi ilé ìdáná ṣe, ó ń mú ọmọ lọ sílé ìwé, ọmọ náà sì dẹ́kun kíkí i bí àlejò. Ní báyìí, bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì, á ti pariwo "Dádì" kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo tún ń rí i nígbà tó bá dá wà. Á tẹ etí sí fíríìjì, á fi páálí tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má bàa gbọ̀n. Oúnjẹ á wà níwájú rẹ̀, á máa wo ibi tí kò sí nǹkan kan. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ilé yìí dákẹ́ jù. Àárò ló ń sọ ọ́, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àwọn ẹlòmíì wa ọkọ̀ náà lọ, bàálù lọ, bàálù bọ̀, téèpù dé. Ọ̀gá gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Èmi ò ní fetí sí i," ó ní. "Ìwọ lo gbọ́ tàkọ́kọ́, ìwọ nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ. Ibi tó o bá sọ ni abẹ gé."

Ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Omi àti edé. Mo di ojú, mo tún un gbọ́. Omi àti edé. Lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò gbọ́ bí òṣìṣẹ́ mọ́, mo ń bẹ̀bẹ̀ ni. Mo ní, póńpù, jọ̀ọ́, kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, n ó ṣe ìyókù. Kò kàn án. Ọkọ mi mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù.

Mo mú bírò. Mo kọ "Mo gbọ́," mo dúró. Kò sí ẹni tó lè já mi nírọ́ láyé yìí. Bí mo bá parí gbólóhùn yẹn, ọkọ mi á máa jẹun ní ojoojúmọ́ lórí tábìlì mi, ọmọ mi á ní bàbá tí yóò máa pariwo pè, òun náà á sì máa ka nọ́ọ̀tì, á máa rò títí ọjọ́ ikú rẹ̀ pé iṣẹ́ òun ló kù díẹ̀ káàtó. Mo wá parí rẹ̀: "Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ìró kankan." Mo bu ọwọ́ lù ú, mo gbé e fún ọ̀gá, n kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ó ti se oúnjẹ, ó sì ń ya irun ọmọ. Ó gbé ìlarun sílẹ̀. Ó ń wò mí lẹ́nu.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," mo ní.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti dé, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó gbé ọmọ sókè, ó yí i po, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí wọ́n ń fi dùnnú. Ìgbà náà ló wá rí ojú mi. Ó rọra gbé ọmọ kalẹ̀.

"O ṣé," ó ní.

Ọpẹ́ kò dùn mí wọ eegun bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó lọ bu oúnjẹ kó tó tutù.