Àmì Tí Ó Yẹ Kó Wà Lápá Òsì

Mo gbà pé ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 1994 ni. Bí mo bá ṣì í, kò ju ọjọ́ kan lọ. Yìnyín ti ń bọ́ láti àárọ̀ ní Val-d'Or, ní Kánádà, ó sì ti rẹ̀ mí kí n tó bọ́ ẹ̀wù òtútù mi. Màmá Harriet Neeposh, àgbà kan láàárín àwọn Cree, ọmọ onílẹ̀ Kánádà, tí ó ń yẹ iṣẹ́ wa wò, ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi, àpò wọn lórí itan. Aago mẹ́ta ni ọkọ̀ òfurufú wọn yóò gbéra. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kíkà àwọn ọmọ Cree, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní lè dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, àwọn ọmọ náà yóò sì tún lo ọdún kan láìní ìwé.

Ní oṣù kẹwàá, Màmá ti bá wa wí. Àmì róbótó kékeré kan wà tí ó máa ń bá lẹ́tà èdè Cree, tí mo ń yà sínú kọ̀ǹpútà, rìn. Apá ọ̀tún ni a fi í sí, bí àwọn Cree ìwọ̀-oòrùn ṣe ń kọ ọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ní ìlà-oòrùn níhìn-ín, apá òsì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣí i nípò lára lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí ojú fi ń ta mí.

Níṣojú Màmá, mo pe àwọn lẹ́tà náà sójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo àmì ṣì wà lápá ọ̀tún.

Màmá Harriet bọ́ awò ojú wọn. "Ọmọ mi, ṣé etí yín ló di, àbí ọ̀rọ̀ mi ni kò wọlé?"

"Màmá, mo tún un ṣe. Mo fojú ara mi rí i."

"Ojú tìẹ rí i. Tèmi ńkọ́?"

Odile Gingras, ọ̀gá wa, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Fernand, ìwọ tó ń ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì! Ṣé o fi fáìlì tuntun yẹn sínú àkọsílẹ̀?"

"Mo ti fi sí i lánàá, ọ̀gá."

"Tún un ṣe."

Kọ̀ǹpútà kì í fúnra rẹ̀ wá lẹ́tà kiri. Àkọsílẹ̀ orúkọ ni ó ń wò, èyí tí ó ń sọ fáìlì tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ètò kékeré kan ní í ṣe àkọsílẹ̀ náà: yóò ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan, yóò ka orúkọ tí a kọ sínú rẹ̀, yóò sì tò ó. Mo tún un ṣe. Ìkìlọ̀ ya bo ojú kọ̀ǹpútà bí ìṣe rẹ̀, ó ju ọ̀ọ́dúnrún ìlà lọ, nítorí àwọn fáìlì àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó ráyè tún ṣe. Ó ti tó ọdún méjì tí a kò ka àwọn ìkìlọ̀ náà mọ́. Apá ọ̀tún náà ni àwọn àmì ṣì wà. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

"Takisí ń bọ̀ láago méjì," ni Odile wí. Ó ku ogún ìṣẹ́jú.

Màmá Harriet bu bánọ́kì, búrẹ́dì ìbílẹ̀ wọn, fún mi. "Jẹun jàre. Ojú ẹ dà bí ti ajá tó fa ẹrù látàárọ̀." Wọ́n ń jẹ tiwọn lọ. "Orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n sọ mí. Inú àgọ́ kan náà la ń gbé. Bí àlejò bá pe Harriet, òun ló máa ń jẹ́ ẹ. Èmi á kàn jókòó bí igi ìdáná."

Mo gbé bánọ́kì náà sílẹ̀, mo yíjú sí kọ̀ǹpútà.

Èmi kì í sọ ohun àtijọ́ nù. Kí n tó fọwọ́ kan lẹ́tà wọ̀nyẹn, mo ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, mo fún ẹ̀dà náà ní orúkọ mìíràn lóde, orí rẹ̀ ni mo sì ti ṣiṣẹ́. Orúkọ inú rẹ̀ ni n kò yí padà. Fáìlì méjì ń jẹ́ orúkọ kan, èyí tí ètò náà kọ́kọ́ bá pàdé ni ó sì mú. Mo padà sórí àwọn ìkìlọ̀. Ó wà níbẹ̀, láàárín: orúkọ kan, fáìlì méjì. Láti àná ni ó ti ń sọ fún mi.

Mo yí orúkọ inú padà, mo tún àkọsílẹ̀ ṣe, mo sì fi orúkọ tuntun náà pe àwọn lẹ́tà. Gbogbo àmì bọ́ sápá òsì.

Màmá Harriet fi ìka tẹ̀lé e lórí gíláàsì, wọ́n ń kà á wúyẹ́wúyẹ́ títí dé ìsàlẹ̀. Wọ́n gba bírò. Wọ́n dúró.

"Èyí àtijọ́ ńkọ́?"

"Ó ṣì wà, Màmá. Mo kàn tọ́jú ẹ ni, bóyá..."

"Bóyá kí ni? Kí ẹlòmíì lè ṣèèṣì pè é? Pa á rẹ́. Mi ò fọwọ́ síwèé tó ní ẹnìkejì nínú àgọ́."

Odile bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ kúkú ní kó gé ìka ẹ̀!"

Takisí fọn fèrè níta. Ní ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tí ì pa fáìlì kankan rẹ́. Mo kọ àṣẹ náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n de ẹ̀wù wọn, wọ́n sì fi ìyókù bánọ́kì sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, mo padà sídìí àwọn ìkìlọ̀ náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n láti ìlà kìn-ín-ní.