Àwòrán Ilé Abéèrè

Ìyá àgbà ló sọ ọmọ náà ní Abéèrè, torí pé abéèrè kì í ṣìnà. Ọmọ náà sì gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ àṣetiléwá tó bá ti ta kókó, orí fóònù ló ń gbé e lọ, sí ibi tí àwọn àjèjì ti ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Òfin kan wà níbẹ̀: bí ìbéèrè rẹ kò bá kún tó, wọ́n á ní kí o ṣàlàyé, bí o kò bá sì ṣàlàyé, wọ́n á pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ìṣirò ní kí kálukú fi òṣùwọ̀n ya àwòrán ilé rẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá kò ní ṣe ìdánwò. Abéèrè ò mọ àwòrán yà rárá, ilé tó bá yà máa ń jọ bàtà. Ló bá gbé ìbéèrè náà lọ sórí fóònù. Kò pẹ́ tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Baba Ìdáhùn fi yọjú. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni níbẹ̀, àwọn ọmọ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí.

"Yàrá mélòó?" ló kọ.

"Méjì àti pálọ̀, sà."

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ó wà ní ilé ìdáná, sà. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ti bàjẹ́."

"Àwọn wo ló ń sùn níbẹ̀?"

"Èmi àti ìyá àgbà, sà. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, àárọ̀ ló ń dé."

Kí ló kan ìṣirò nínú ìyẹn? Ó rò ó díẹ̀, àmọ́ kò fẹ́ kí wọ́n pa ìbéèrè òun rẹ́. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́. Ọmọ yìí la ògiri, ó tún fi "sà" kún un!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí màmá tó lọ síbi iṣẹ́, ó gbé àga ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ilé ìdáná.

"Kẹ́nikẹ́ni má gbé e níbẹ̀ o. Káfíńtà ń bọ̀ lọ́la."

Abéèrè àti ìyá àgbà jókòó sí pálọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń pariwo nítorí etí ìyá àgbà tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Fóònù dún. Àwòrán ti dé, ó sì dára. Gbogbo yàrá ló wà ní ipò rẹ̀. Àga kan tilẹ̀ wà ní ilé ìdáná.

Abéèrè gbé fóònù súnmọ́ ojú. Kò sọ̀rọ̀ àga fún ẹnikẹ́ni. Ó tún un wò: ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni Baba Ìdáhùn ya àga sí, kì í ṣe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọkàn rẹ̀ wálẹ̀, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ilé ìdáná wo ni kò ní àga? Ọkùnrin náà kàn méfò ni, ó sì ṣì í.

Lábẹ́ àwòrán náà, Baba Ìdáhùn kọ ọ́ pé: "Ó ku ìbéèrè kan kí iṣẹ́ yìí tó pé. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ti wà nílé?"

Abéèrè gbójú sókè. Ìyá àgbà ti dìde lọ bu omi mu. Láti ilé ìdáná ni ohùn rẹ̀ ti wá, ó ń kùn:

"Abéèrè! Ta ló gbé àga yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù?"