Omi Tí Ọkọ̀ Òkun Gbé Wá

Ẹ má bá mi sọ pé omi kan náà ni gbogbo omi. Mo ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kọfí, ojú mi sì ti rí nǹkan.

Ọdún tí owó Udoji jáde, tí ìjọba fi kún owó oṣù, ni mò ń sọ, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń pa àwọn èèyàn Warri bí ọtí. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ lánàá, ó ti ra mọ́tò lónìí. Ọ̀gá mi, Dúrótoyè, jẹ́ agbaṣẹ́ṣe. Kò tíì pé ogójì ọdún tó fi kọ́ ilé ìtura alájà mẹ́ta sí àdúgbò Edjeba fún àwọn òyìnbó tó ń wa epo. Òun ló ra ẹ̀rọ kọfí kan láti Ítálì, ẹ̀rọ ńlá tó ń dán yanranyanran, tó ní ọwọ́ mẹ́ta téèyàn máa fà wálẹ̀ kí kọfí tó jáde. Ẹsipírẹ́sò ni wọ́n ń pe kọfí náà. Ó dúdú, ó korò, kò sì ju ohun téèyàn lè gbé mì lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Àwọn òyìnbó á mu ún, wọ́n á dijú bí ẹni ń gbàdúrà.

Èmi Abigail, ìyá Bísí, ọmọ Ìlàjẹ, opó, ẹni àádọ́ta ọdún, èmi ni mò ń fa ọwọ́ rẹ̀. Bruno, ẹnjiníà ará Ítálì tó wá to ẹ̀rọ náà, ló kọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Pidgin ẹnu rẹ̀ dùn ju ti ọmọ Warri lọ. Kó tó padà sí Port Harcourt, ó na ìka sí èmi àti ọ̀gá mi. "Oga, Mama, hear me o. Na bad water dey kill this machine." Ó wọ mọ́tò, ó lọ. Kò sọ irú omi tó burú, àwa náà ò sì bi í.

Ọ̀gá mi ronú bí olówó ṣe ń ronú: omi tó bá wọ́n jù ni yóò dára jù. Ló bá ránṣẹ́ sí Ítálì. Omi inú ìgò, páálí lórí páálí, gba orí òkun wọ ebúté Warri, ìlú tí omi yí ká, tí òjò ń rọ̀ débi pé olú ń hù lára bàtà! Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ṣùgbọ́n omi yẹn náà ni mò ń bù sínú ẹ̀rọ àti kẹ́tùlù tíì bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, mi ò gbé ìgò kan délé.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, kí n má purọ́. Tí mo bá fa ọwọ́ ẹ̀rọ, tí èéfín tú jáde, tí òórùn kọfí gba gbogbo yàrá, ńṣe ni mò ń yan bí ìyàwó ọ̀sìngín.

Kò pé oṣù méje, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bí arúgbó tí ikọ́ ń ṣe. Ó ń hó, ó ń súfèé, kọfí ń kán tó, tó. Òyìnbó kan tọ́ ọ wò, ó tu ú sínú ìkòkò òdòdó. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ wá nínú léèsì, ó dúró láàárín ilé oúnjẹ, lójú òṣìṣẹ́, lójú àlejò.

"Ìyá Bísí, omi kànga lẹ̀ ń bù sínú ẹ̀rọ mi! Omi Ítálì ńkọ́? Ẹ̀ ń kó o lọ fún àwọn èèyàn yín létí odò, àbí? Olè ni yín!"

Olè! Èmi! Ara mi gbóná. Díẹ̀ ló kù kí n sọ kọ́ọ̀pù lù ú. Ó ní òun ti ránṣẹ́ pe Bruno, pé lọ́jọ́ Jímọ̀ ni yóò wá tú ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá bá ìdọ̀tí omi kànga níkùn rẹ̀, kí n gba ilé mi lọ, ẹnìkan ń bọ̀ láti Èkó tí yóò gba iṣẹ́ mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn.

Mo fi ìbínú rìn délé ní Enerhen. Mo ṣí kẹ́tùlù kí n lè bu omi sí i, mo bá dúró. Kẹ́tùlù yẹn ti lo ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi, omi òjò nìkan ni mo fi ń sè nínú rẹ̀, inú rẹ̀ sì mọ́ bí ọjọ́ tí mo rà á. Ti ilé ìtura ńkọ́, èyí tí a fi ń se omi Ítálì fún tíì? Kò tíì pé ọdún kan, inú rẹ̀ ti funfun, ó ti le gbagidi. Mo ti ń rò pé ọ̀dà rẹ̀ ló ń bó.

"Yéè!" ni mo ké.

Bísí ọmọ mi sáré wọlé. "Mama, wetin happen?"

"Omi olówó ni!" mo dá a lóhùn. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyá Ràhímù, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ta ìkòkò irin ní ọjà ńlá Warri. Mo ní kó yá mi ní ìkòkò kékeré méjì tí wọn ò tíì fi se nǹkan rí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dópin, ó pàtẹ́wọ́.

"Nǹkan funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò yẹn? Kànga kan wà nílé wa tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ fún sí i, kẹ́ ẹ gbé e kaná, á kúrò." Ó mú ìkòkò méjì, ó dì wọ́n mọ́ra. "Àmọ́ mi ò ní yá yín o, Ìyá Bísí. Èmi fúnra mi ni máa gbé wọn wá lọ́jọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán. Ta ló fẹ́ kí irú eré yìí kọjá òun?"

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ pé, Bruno tú ẹ̀rọ. Ohun tó ha jáde nínú rẹ̀ funfun bí ẹfun, ó nípọn bí èèpo búrẹ́dì.

"Ẹ ò rí i?" Ọ̀gá pariwo. "Omi kànga!"

"Ọ̀gá, ẹ fún mi ní wákàtí méjì péré, sà," mo ní. "Kí Bruno fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi."

Bruno bu omi Ítálì sínú ọ̀kan nínú ìkòkò tí Wúlẹ̀mọ̀tù gbé wá, ó lọ bu omi òjò nínú àgbá ẹ̀yìn kíṣìnì sínú èkejì. A gbé méjèèjì kaná ní kíṣìnì. Bí wọ́n bá ti gbẹ, a ó tún bu òmíràn sí i, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀gá jókòó, ó ń gbọn ẹsẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù ń ṣọ́ ìkòkò rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí méjèèjì bá funfun ńkọ́?

Omi gbẹ tán. Ìdí ìkòkò omi òjò ń dán. Ti omi Ítálì funfun bí ẹni pé wọ́n ku ìyẹ̀fun sí i. Mo fi èékánná ha á, mo na ìka sí ọ̀gá mi.

"Ohun tí ẹ rà nìyí, sà."

Bruno gbé ìgò, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó bú sẹ́rìn-ín. "Oga! This water come from mountain near my mama village. Stone full am! E good for belly, but my mama no go ever put am for machine. Rain water, na im correct."

"Ọ̀gá," Wúlẹ̀mọ̀tù ní, "ẹ fi ọkọ̀ òkun ru òkúta wá sí Warri!"

Gbogbo kíṣìnì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kọ́kọ́ fajú ro, nígbà tó yá, òun náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, kì í ṣe kíṣìnì lẹ ti pè mí lólè. Ilé oúnjẹ ni."

Ó wò mí. Ó ṣí fìlà, ó rìn lọ sáàárín ilé oúnjẹ, ó pàtẹ́wọ́ títí àwọn àlejò fi gbé ṣíbí sílẹ̀. "This Mama no be thief," ó ní. "Na me buy the water wey spoil machine." Ó yíjú sí mi. "Ẹ má bínú, Màmá. Mo ṣẹ̀ yín." Ọjọ́ tó pè mí lólè, mi ò sunkún. Ìgbà yìí ni ẹkún gbọ̀n mí.

A fún ọsàn wẹ́wẹ́ kún ikùn ẹ̀rọ, a mú un gbóná, a fi omi òjò ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, Wúlẹ̀mọ̀tù sì ń pàṣẹ fún Bruno bí ẹni pé òun ló ṣe ẹ̀rọ náà. Kọfí àkọ́kọ́ jáde gbuuru, ó ki, ó ń ta sánsán. Bruno mu ún, ó dijú.

Kò pẹ́ sí i, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Ọ̀gá fò dìde. Ó gbé bàsíà tó tóbi jù, ó sáré jáde tòun ti léèsì.

"Ìyá Bísí! Ṣé ibí ni kí n gbé e sí?"

Mo yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ dúró ná, sà! Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ páànù!"

Dúrótoyè tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni ní Warri gbá bàsíà mọ́ àyà, ó dúró sínú òjò, ó ń wojú mi. Páànù mọ́. Mo tún jẹ́ kó dúró díẹ̀ sí i.